Sójà Gbé Ìbọn Kọ́ Ẹ̀yìn, Igi Ló Fi Jà: Kí Ló Dé?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo rí fídíò kan tí sójà Íńdíà àti ti Ṣáínà ti ń fi igi, irin àti òkúta lu ara wọn lórí òkè. Àwọn mìíràn nínú wọn gbé ìbọn kọ́ ẹ̀yìn, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò yìn ín. Ṣé eré ni wọ́n ń ṣe ni, àbí òfin kan ló dì wọ́n lọ́wọ́? Ẹ̀ẹ̀kejì, nígbà tí dróònù àti ọkọ̀ òfurufú ti wà, kí ni sójà ẹlẹ́sẹ̀ tún ń wá lórí òkè tí èèyàn ò ti lè mí dáadáa?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kì í ṣe eré o. Ní alẹ́ ọjọ́ 15 oṣù Okúdù 2020, ní àfonífojì Galwan ní Ladakh, sójà Íńdíà 20 ló bá irú ìjà bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ́nẹ́ẹ̀lì B. Santosh Babu, ọ̀gá bátálíọ́nì 16 Bihar, wà lára wọn. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni Ṣáínà fi dákẹ́ kí wọ́n tó sọ ní oṣù Èrèlé 2021 pé èèyàn mẹ́rin kú ní tiwọn. Ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ náà, ọta ìbọn kan ò dún.

Òfin ló dì wọ́n lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù Bélú 1996 ni ìjọba méjèèjì tọwọ́ bọ àdéhùn kan ní New Delhi. Ìpín kẹfà rẹ̀ sọ pé ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ yìnbọn, kò gbọdọ̀ fi àdó fọ́ nǹkan, kò sì gbọdọ̀ fi ìbọn ṣọdẹ láàárín kìlómítà 2 sí ìlà tó wà láàárín wọn. Àní ẹran ìgbẹ́ pàápàá jàǹfààní ìwé náà. Lẹ́yìn ìjà Galwan, nígbà tí Rahul Gandhi tó jẹ́ alátakò béèrè pé ta ló rán sójà lọ síbẹ̀ láì ní ohun ìjà lọ́wọ́, èsì tí mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, S. Jaishankar, fọ̀ ni pé ìbọn wà lọ́wọ́ wọn, pé sójà kì í kúrò ní àgọ́ láì gbé e dání. Àdéhùn 1996 àti ti 2005 ni kò jẹ́ kí wọ́n lò ó.

Ìdí tí irú òfin bẹ́ẹ̀ fi wáyé ni pé ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì níbẹ̀ kì í ṣe ààlà gan-an. LAC ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ìlà ibi tí ọwọ́ kálukú dé. Íńdíà ní gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 3,488. Ṣáínà ní kò ju nǹkan bíi 2,000 lọ. Bí wọn ò bá fẹnu kò lórí bó ṣe gùn tó, mélòómélòó ni ibi tó gbà kọjá! Kò sí òpó, kò sí wáyà, kò sí máàpù kan tí ẹgbẹ́ méjèèjì fọwọ́ sí láti òpin dé òpin. Nítorí náà, ibi tí sójà Íńdíà gbà pé ilẹ̀ òun parí sí wà ní iwájú ibi tí sójà Ṣáínà gbà pé tòun ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ àárín yẹn, àwọn méjèèjì ló ń rìn ín, àwọn méjèèjì ló sì gbà pé àwọn wà nílé.

Bí ìdílé méjì bá ń du ilẹ̀ kan tí kò níwèé, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kúrò níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan ti sọ ẹjọ́ rẹ̀ di aláìlẹ́rìí. Bọ́rọ̀ ṣe rí lórí LAC nìyẹn, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọgbọ́n ogun tó ń yà ọ́ lẹ́nu ti wá. Kì í ṣe kí sójà ẹlẹ́sẹ̀ pààyàn ni olórí iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Kó débẹ̀ ni, kí ẹgbẹ́ kejì mọ̀ pé ó débẹ̀, kó sì tún padà débẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ní ẹ̀gbẹ́ Íńdíà, wọ́n ti yan àwọn ibi kan, wọ́n sì fún wọn ní nọ́ńbà: ibi ìṣọ́ 14 ní Galwan, 15 ní Hot Springs, 17A ní Gogra. Àwọn sójà á gbéra láti àgọ́, wọn á tò tẹ̀lé ara wọn, ìbọn á wà lẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ á dorí kodò. Tí wọ́n bá dé ibi tí nọ́ńbà wà, wọn á wò yíká, wọn á ya fọ́tò, wọn á fi nǹkan sílẹ̀. Páálí sìgá tàbí agolo oúnjẹ tí wọ́n jẹ tán lè jẹ́ ẹ̀rí pé a débí. Àwọn ará Ṣáínà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. A ti rí àpáta tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ orílẹ̀-èdè wọn sí.

Bí ẹgbẹ́ méjèèjì bá pàdé ńkọ́? Àdéhùn 2005 ti là á sílẹ̀: kí wọ́n dúró síbi tí wọ́n wà, kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ síwájú, kí kálukú padà sí àgọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọn á na aṣọ fífẹ̀ kan tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ sí, pé ilẹ̀ wa lẹ wà yìí o, ẹ jọ̀wọ́ ẹ padà. Àwọn tọ̀hún náà á na tiwọn. Ẹni tó gbé kámẹ́rà á máa ya gbogbo rẹ̀. Wọn á pariwo díẹ̀, wọn á tì síra díẹ̀, wọn á lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àwọn ọ̀gá méjèèjì á pàdé níbi tí wọ́n ti ń ṣèpàdé, bíi Chushul ní ẹ̀gbẹ́ Íńdíà àti Moldo ní ẹ̀gbẹ́ Ṣáínà, kálukú á ka ẹ̀sùn tirẹ̀. Lọ́dún 2013 wọ́n tún fi òmíràn kún un: ẹgbẹ́ kan kò gbọdọ̀ máa tọ ẹgbẹ́ kejì lẹ́yìn níbi tí wọn ò tíì fẹnu kò lé lórí.

Ká sọ òótọ́, èmi gbà pé òfin yìí ṣe iṣẹ́ tó dáa. Lọ́dún 1967, ní Nathu La ní Sikkim, wáyà tí àwọn sójà Íńdíà ń nà sí orí òkè ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Kí a tó wí kí a tó fọ̀, ó ti di ìbọn, ó di àgbá ńlá, èèyàn sì kú rẹpẹtẹ. Lọ́dún 1975, sójà Íńdíà mẹ́rin láti ẹgbẹ́ Assam Rifles kú ní Tulung La. Láti ìgbà náà títí di Galwan, ọdún 45, kò sí ẹni tí ìjà pa lórí ìlà yẹn.

Ṣùgbọ́n òfin náà ní ihò. Ọta ni ó dá dúró, kò dá ogunlọ́gọ̀ èèyàn dúró. Nígbà tí ìbọn bá ti di ẹrù lásán lẹ́yìn sójà, ẹni tó bá kó èèyàn wá jù ló lágbára. Bí ọgbọ́n mìíràn ṣe yọjú nìyẹn. Wọ́n lè dúró di ọ̀nà tóóró tí àfonífojì ti fún, kí ẹgbẹ́ kejì má lè kọjá lọ sí ibi nọ́ńbà rẹ̀. Wọ́n lè pàgọ́ mọ́jú: ní oṣù Igbe 2013, àwọn sójà Ṣáínà pàgọ́ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Depsang, Íńdíà náà pàgọ́ dojú kọ wọ́n, wọ́n sì wo ara wọn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àwọn aṣojú ìjọba tó yanjú ẹ̀. Wọ́n sì lè kó ara wọn jọ, kí wọ́n máa fi àyà ti ara wọn. Ní ọjọ́ 15 oṣù Ògún 2017, létí adágún Pangong, fífi àyà ti ara ẹni di ẹ̀ṣẹ́, ẹ̀ṣẹ́ di òkúta.

Galwan ni ibi tí gbogbo ọgbọ́n wọ̀nyí papọ̀ sójú kan. Ní ọjọ́ 6 oṣù Okúdù, àwọn ọ̀gágun ti ṣèpàdé pé kí kálukú fà sẹ́yìn. Ní ọjọ́ 15, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Babu lọ sí ìtòsí ibi ìṣọ́ 14 láti wò ó bóyá àgọ́ tí Ṣáínà pa síbẹ̀ ti kúrò. Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn, àríyànjiyàn di ìjà, ilẹ̀ ṣú mọ́ wọn lórí. Fojú inú wo ibẹ̀: àfonífojì tó ga tó nǹkan bíi mítà 4,300, ọ̀nà tóóró lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò tí omi rẹ̀ tutù bíi yìnyín, òkúta wẹ́wẹ́ tó ń yọ̀ lábẹ́ bàtà. Wọ́n gbé igi tí wọ́n kan ìṣó mọ́ àti irin tí wọ́n yí wáyà mọ́. Níbi tó rí báyẹn, ẹni tó wà lápá òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló ń jẹ gàba, torí òkúta tó bá jù ń sọ̀ kalẹ̀, ti ẹni ìsàlẹ̀ ò sì gòkè. Àwọn kan já sínú odò. Nínú àwọn 20 Íńdíà yẹn, ilé iṣẹ́ ológun wọn fúnra wọn sọ pé 17 ló fara gbọgbẹ́ tí òtútù sì tún mú wọn kí wọ́n tó kú. Ṣáínà kó mẹ́wàá mìíràn sí àhámọ́, wọ́n sì dá wọn sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹta.

Ó ti tó nípa igi. Jẹ́ n wá sí ìbéèrè rẹ kejì, torí òun gan-an ló nípọn jù.

Dróònù lè rí àgọ́ tí ẹnì kan pa lóru. Kò lè tú u. Kò lè dúró sí ọ̀nà tóóró kí ẹlòmíràn má kọjá. Kò sì sí ẹni tó máa gbà nídìí tábìlì ìpàdé pé ilẹ̀ ti di tìrẹ torí pé nǹkan rẹ fò kọjá lórí rẹ̀. Ní oṣù Ẹ̀bìbí 2025, Íńdíà àti Pakísítánì fi ọjọ́ mẹ́rin ju mísáìlì àti dróònù síra wọn. Nígbà tí wọ́n dáwọ́ dúró ní ọjọ́ kẹwàá oṣù náà, ìlà tó pín wọn níyà ní Kashmir ṣì wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Kò sí sójà ẹlẹ́sẹ̀ tó lọ gbé e kúrò níbẹ̀.

Wo ohun tí Íńdíà ṣe ní òru ọjọ́ 29 mọ́ 30 oṣù Ògún 2020. Ní gúúsù Pangong, àwọn sójà wọn gun orí ọ̀wọ́ òkè Kailash láìpariwo: Rezang La, Rechin La, Gurung Hill, Magar Hill. Àwọn ọmọ Tibet tó wà nínú Special Frontier Force wà lára wọn, ọ̀kan sì kú nígbà tó tẹ àdó abẹ́ ilẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ láti ogun tí Íńdíà àti Ṣáínà jà lọ́dún 1962. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àgọ́ Ṣáínà ní Moldo ti wà nísàlẹ̀ ojú wọn kedere. Wọn ò yìnbọn, wọn ò sì lu ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn jókòó síbi tó ga. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni ohùn Ṣáínà nínú ìpàdé ti yí padà, torí ẹni tó bá wà lókè ló ń rí gbogbo ohun tó ń lọ nísàlẹ̀, òun náà ló ń júwe ibi tí àgbá máa dojú kọ.

Rezang La yẹn kan náà ni Mejọ Shaitan Singh àti kọ́ńpìnnì rẹ̀ láti bátálíọ́nì 13 Kumaon, nǹkan bí 120 èèyàn, ti jà ní ọjọ́ 18 oṣù Bélú 1962. Wọ́n wà lókè, àmọ́ òkè mìíràn dí àgbá tiwọn lójú, kò lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Èèyàn 114 ló kú nínú wọn. Òkè nìkan ò tó. Kó o wà níbi tí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ ti lè ràn ọ́ lọ́wọ́ ni. Ẹ̀kọ́ yìí lọ́wọ́ nínú bí Íńdíà ṣe gbé ọkọ̀ ogun onírin gun Rechin La lọ́dún 2020, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kò ṣeé ṣe.

Má ṣe rò pé gbogbo ìlà Íńdíà ló rí báyìí o. Lápá Pakísítánì, LOC ni wọ́n ń pe tiwọn, ìyẹn ìlà tó pín Kashmir, gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 740. Òun wà lórí máàpù tí ẹgbẹ́ méjèèjì fọwọ́ sí lẹ́yìn àdéhùn Simla 1972. Ó yani lẹ́nu pé ìlà tó níwèé yìí gan-an ni ìbọn ti ń dún jù. Yàrà ni wọ́n ń gbé níbẹ̀, wọ́n ń dojú ìbọn kọ ara wọn, ẹni tó bá gbé orí sókè jù lè fi lọ. Àdéhùn ìdáwọ́dúró 2003 dín in kù fún ìgbà díẹ̀, ó tún bàjẹ́, wọ́n sì tún un ṣe ní oṣù Èrèlé 2021.

Iṣẹ́ òru ló pọ̀ jù lórí LOC, pàápàá bíba ní ibùba de àwọn tó ń yọ́ kọjá. Íńdíà ti na wáyà ẹlẹ́gùn-ún sí èyí tó pọ̀ jù nínú ìlà náà, wọ́n parí rẹ̀ lọ́dún 2004. Kì í ṣe orí ìlà gan-an ni wáyà náà wà, ẹ̀yìn ni, torí ẹni tó bá ń gbẹ́ ihò òpó lójú ìlà ti fi ara rẹ̀ fún ọta. Yìnyín sì ń wó o lọ́dọọdún, wọn á tún máa tún un ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ yọ́ wọlé á máa tẹ̀lé ojú odò gbígbẹ, torí kò ní yọ sókè kó hàn sí ojú ọ̀run. Nítorí náà, àwọn sójà bíi mélòó kan á lọ dùbúlẹ̀ létí odò bẹ́ẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sí sìgá, kò sí ikọ́, kò sí fóònù. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ á so ọwọ́ ẹnì kan mọ́ ti ẹnì kejì: ìfà kan, ẹ múra, ìfà méjì, wọ́n ti dé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn á dìde, wọn á lọ; ẹni tó bá lo ibùba kan náà lẹ́ẹ̀mejì léraléra ń wá ẹni tó máa ba de òun náà ni.

Ìlà yìí náà ni ogun Kargil 1999 ti ṣẹlẹ̀. Ó ti mọ́ ẹgbẹ́ méjèèjì lára láti kúrò ní àwọn àgọ́ orí òkè nígbà yìnyín, kí wọ́n padà nígbà tó bá yọ́. Lọ́dún yẹn, sójà Northern Light Infantry ti Pakísítánì gòkè lọ jókòó sínú àgọ́ tí Íńdíà fi sílẹ̀. Láti ibẹ̀, wọ́n ń wo ọ̀nà Srinagar sí Leh nísàlẹ̀ bí ẹni ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Íńdíà rò pé àwọn díẹ̀ ni wọ́n; wọ́n ní kí sójà gòkè lọ lé wọn láì tíì kó àgbá jọ dáadáa, ìbọn sì gbá wọn bí wọ́n ṣe ń gòkè.

Wọ́n tún ọgbọ́n dá. Wọ́n kó àgbá Bofors 155mm jọ, wọ́n ń yìn ín tààrà sí orí òkè tí wọ́n ń fojú rí. Òru ni wọ́n wá ń gòkè, ibi tó le jù ni wọ́n sì ń gbà, torí ọ̀tá kì í ṣọ́ ibi tó gbà pé kò sí ẹni tó lè gbà á. Tololing bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní ọjọ́ 13 oṣù Okúdù. Ní Tiger Hill, tó ga ní mítà 5,062, wọ́n ní kí bátálíọ́nì 8 Sikh máa jà níhà kan kí ojú àwọn tó wà lókè lè wà lọ́dọ̀ wọn; bátálíọ́nì 18 Grenadiers fi okùn gun ẹ̀gbẹ́ àpáta tó dúró ṣánṣán níhà kejì. Yogendra Singh Yadav wà lára àwọn tó ṣáájú. Ọta bà á lọ́pọ̀ ìgbà, ó ṣì ń gùn. Wọ́n gba òkè náà ní ọjọ́ 4 oṣù Agẹmọ. Ogun náà gba ẹ̀mí 527 lọ́wọ́ Íńdíà.

Ọkọ̀ òfurufú wà níbẹ̀ náà. Ìjọba ò gbà kí wọ́n kọjá ìlà, wọ́n sì pàdánù MiG-21 kan àti hẹlikópítà Mi-17 kan sí ọwọ́ àwọn tó wà lórí òkè. Nígbà tó yá, ọkọ̀ òfurufú Mirage 2000 ju bọ́mbù tó ń fi iná lésà ríran, ó ràn wọ́n lọ́wọ́ gan-an. Síbẹ̀, gbogbo òkè tí wọ́n gbà padà, ẹnì kan ló fẹsẹ̀ gùn ún.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń jà lórí tẹlifíṣọ̀n kì í rántí, òun ni afẹ́fẹ́. Ní gíga Galwan, afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń rí mí tó bíi ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ti etí òkun. Ẹgbẹ́ ológun Íńdíà kì í rán sójà lọ sókè gbáà lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ 6 ló máa lò ní gíga mítà 2,700 sí 3,600, ọjọ́ 4 ní 3,600 sí 4,500, ọjọ́ 4 mìíràn kó tó kọjá ibẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ẹni tí wọ́n bá fi bàálù gbé débẹ̀ láàárọ̀ lè máa bì lálẹ́, omi lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kó sì kú láì rí ọ̀tá. Nítorí náà, ẹni tó ti wà lókè nígbà tí ọ̀rọ̀ bá bẹ́ ló ń pinnu ohun tó máa ṣẹlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ìdí nìyí tí Íńdíà àti Ṣáínà fi kó sójà tó lé ní 50,000 kọ̀ọ̀kan sí ìlà Ladakh láti 2020, tí wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀ nínú òtútù ọdún dé ọdún. Owó ńlá ni, ìyà ńlá ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fẹ́ fi àgọ́ sílẹ̀ bíi ti Kargil mọ́.

Bóyá òfin àìyìnbọn náà ṣì wà? Ó wà, ó kàn ti ṣẹ́ létí ni. Lẹ́yìn Galwan, Íńdíà gba àwọn ọ̀gá tó wà lójú ìjà láàyè láti lo ìbọn bí ọ̀ràn bá le kọjá àlà. Ní ọjọ́ 7 oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ 2020, ìbọn dún sókè lórí òkè Kailash, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ láti 1975. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìkejì ló yìn ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún pàdé ní Yangtse ní ìtòsí Tawang, ní ọjọ́ 9 oṣù Ọ̀pẹ 2022, igi àti ẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n tún lò. Àwọn kan fara pa, ẹnikẹ́ni ò kú.

Ohun tó dun àwọn kan ní Íńdíà, tí mo sì gbà pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti bínú sí, ni bí wọ́n ṣe parí ọ̀rọ̀ Pangong ní oṣù Èrèlé 2021. Íńdíà sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Kailash. Ṣáínà náà fà sẹ́yìn létí adágún, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ilẹ̀ tó wà láàárín di ibi tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rìn dé. Tẹ́lẹ̀, sójà Íńdíà máa ń fẹsẹ̀ rìn dé ibi tí wọ́n ń pè ní Finger 8, ọ̀kan lára àwọn ẹsẹ̀ òkè tó nà dé etí adágún náà. Kò rìn débẹ̀ mọ́. Ní Galwan, Gogra àti Hot Springs náà, irú ilẹ̀ àárín bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi pín ìjà níyà. Àdéhùn ọjọ́ 21 oṣù Òwàrà 2024 dá ìrìn ìṣọ́ padà sí Depsang àti Demchok, ẹgbẹ́ kan á kọ́kọ́ sọ fún ẹgbẹ́ kejì kó tó gbéra, kí wọ́n má bàa pàdé. Àwọn ibi tó kù ṣì wà bí wọ́n ṣe fi wọ́n sílẹ̀.